Ọmọ ayò 48: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó kọ géèmù ayò ní Kabba

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́ kò gùn láti sọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jọ kọ géèmù kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n kó o wá ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Kó ṣí lórí ẹ̀rọ yàrá kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé wọ́n fi ohunkóhun kún ẹ̀rọ náà, kí ẹni tí kò rí i rí sì lè ta á láìsí ẹni tó ń júwe fún un. Ẹgbẹ́ tó bá pẹ́, máàkì mẹ́wàá ń lọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kabba, ní ilẹ̀ Okun, ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. A ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, a ò sì ní dárúkọ àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan wá láti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀kan láti Ìsánlú, ọ̀kan láti Mọ́pà, ọmọ Kabba sì ni àwọn méjì yòókù. Ẹgbẹ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún kàn la kọ ọ́ sílẹ̀ fún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ kóòdù kọ, wọ́n sì ṣiṣẹ́ kára. Ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ni pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni géèmù náà fi ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tiwọn nìkan, kò sí ẹni tó gbé e dé orí ẹ̀rọ tí olùkọ́ yóò ti wò ó.

Ohun tó wà nílẹ̀

Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta ló wà láàárín ẹni márùn-ún. Ọ̀kan ní RAM 8 GB, méjì ní 4 GB. Nínú àwọn méjì yìí, èyí tó ti pẹ́ jù ń lo Intel HD Graphics 4000 (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ), ohun kan náà tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ yàrá kọ̀ǹpútà. Torí pé ó ń falẹ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún títẹ ìwé àlàyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé orí rẹ̀.

Àríyànjiyàn ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ẹnì kan fẹ́ géèmù eré sísá lórí òkè, ẹnì kan fẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń yẹ ihò ojú títì láti Obajana dé Kabba. Èrò tó dára ni méjèèjì, ṣùgbọ́n àwòrán inú wọn nìkan tó iṣẹ́ oṣù méjì. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn tí wọ́n fi ṣe olórí, ló ní kí wọ́n kọ ayò. Òfin rẹ̀ ti wà tipẹ́. Àwòrán rẹ̀ kò ju ọpọ́n kan lọ: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí ènìyàn kò lè kà. Lójú tiwa, ìpinnu yìí ló gba iṣẹ́ náà là, torí nígbà tí àṣìṣe dé, kíkà náà ni wọ́n fi mú un.

Wọ́n pín iṣẹ́ báyìí: ẹnì kan gba òfin ayò, ẹnì kan gba bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ronú, ẹnì kan gba àwòrán, ẹnì kan gba ohùn àti ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ, Ẹ̀gbọ́n gba kíkó gbogbo rẹ̀ pọ̀ àti ìwé àlàyé. Wọ́n jà díẹ̀ lórí ẹ̀ka èdè tí géèmù náà yóò máa sọ, Owé tàbí Yàgbà. Wọ́n fi Yorùbá tí gbogbo ènìyàn ń kà ṣe é, wọ́n sì fi “Okun o” ṣe ìkíni àkọ́kọ́, torí ìyẹn kò sí ẹni tí kì í kí i láàárín wọn.

Godot 4.2, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ géèmù, ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kọkànlá ọdún 2023 ló jáde, síìpù rẹ̀ kò tó 100 MB. Ẹ tú síìpù náà, ẹ tẹ fáìlì inú rẹ̀, ó ṣí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ná dátà sí i, fláàṣì ni àwọn yòókù fi dà á.

Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, Godot yóò bi yín irú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kó máa gbà ya àwòrán sójú ẹ̀rọ: Forward+, Mobile tàbí Compatibility. Forward+ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Forward+ àti Mobile ń béèrè Vulkan, ọ̀nà tuntun tí géèmù fi ń bá ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sọ̀rọ̀, Intel HD 4000 kò sì ní Vulkan lórí Windows. Compatibility ń lo OpenGL 3.3, ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ú lọ, èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́. Títẹ̀ kan péré ni, lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ohun tó sì ná wọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Fláàṣì, iná, àti Git

Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, ni wọ́n fi ń kó iṣẹ́ pọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì họ́sítẹ̀lì kò ṣeé gbọ́kàn lé, ṣùgbọ́n `git commit`, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú Git, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ yín dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ṣe dára, a sì gba ẹgbẹ́ tó bá wà nírú ibẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n ṣe é: ó sọ fláàṣì 16 GB kan di ojúkò ìpàdé.

```
git init --bare E:/ayo.git
git remote add flash E:/ayo.git
git push flash main
```

Ẹni tí fláàṣì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ fa iṣẹ́ àwọn yòókù wọlé pẹ̀lú `git pull flash main`, kó tó ti tirẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ F ni láptọ́ọ̀pù tiyín pe fláàṣì náà dípò E, `git remote set-url flash F:/ayo.git` ló ń tún un ṣe. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Git lè kọ̀ jálẹ̀, kó ní ẹni tó ni fódà náà kò dá òun lójú. Fláàṣì tí wọ́n ṣètò ní FAT32 tàbí exFAT kì í kọ orúkọ olówó fáìlì sílẹ̀, ìdí nìyẹn. Àṣẹ kan ló ń parí rẹ̀:

```
git config --global --add safe.directory E:/ayo.git
```

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iná ìjọba lọ lójijì nígbà tí ẹni tó ń ya àwòrán ń ṣe commit lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Nígbà tí iná padà, Git ń sọ pé fáìlì kan nínú `.git/objects` ṣófo. Wọ́n fi wákàtí kan gbìyànjú láti tún un ṣe, wákàtí náà sì ṣòfò. Ohun tó yẹ ni èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn: wọ́n yí orúkọ fódà tó bàjẹ́ padà, wọ́n ṣe `git clone` tuntun láti inú fláàṣì, wọ́n sì da àwòrán ọjọ́ yẹn nìkan lé e lórí. Látìgbà náà, ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú kì í ṣe commit àfi tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 65 W kò ju 195 W lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé 650 W gbé wọn láì rojú.

Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fáìlì `.tscn`, ibi tí Godot ń kọ ètò ojú géèmù sí, tún wà. Gbogbo ojú géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú fáìlì kan. Ẹni tó ń ya àwòrán sún ihò díẹ̀, ẹni tó ń ṣe ohùn fi ìró kún un ní alẹ́ kan náà, Git kò sì mọ ti ta ni kóun mú. Wọ́n tú u sí mẹ́rin: `opon.tscn`, `iho.tscn`, `ami.tscn`, `akojo.tscn`, ẹnì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìjà tán. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àmì ohùn lórí orúkọ fáìlì wọ̀nyí, kò sì sí lẹ́tà ńlá. Windows kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ohun ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n inú páálí tí Godot máa ń di géèmù sí, `Iho.png` àti `iho.png` kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá da wọ́n pọ̀ á rí àwòrán lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kò ní rí i mọ́ lẹ́yìn tó bá di géèmù tán.

Ọwọ́ kan di ọwọ́ méjì

Òfin ayò kò dọ́gba níbi gbogbo, torí náà wọ́n kọ èyí tí wọ́n yàn sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù. Ihò 0 sí 5 jẹ́ ti ẹni ìsàlẹ̀, 6 sí 11 jẹ́ ti ẹni òkè. Ẹni tó kàn á bu gbogbo ọmọ inú ihò tirẹ̀ kan, á máa gbìn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún. Tí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnì kejì tó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́, á sì máa padà sẹ́yìn, á máa jẹ ihò tó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ tàbí tí kì í ṣe ti ẹnì kejì. Odù, ìyẹn ihò tó ti kó ọmọ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá bù ú tó yí ọpọ́n ká, yóò fo ihò tó ti jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí.

Kóòdù ìgbìn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
func gbin(iho):
    var owo = opon[iho]
    var i = iho
    while owo > 0:
        i = (i + 1) % 12
        opon[i] += 1
        owo -= 1
        await get_tree().create_timer(0.25).timeout
    opon[iho] = 0
```

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ta á láàárín ara wọn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá bàbá kan ládùúgbò, ẹni tó ti ń ta ayò láti kékeré, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kí i, “Okun o, Bàbá,” wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí àga níwájú rẹ̀, wọ́n fi máósì sí i lọ́wọ́. Ohun kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ nípa kọ̀ǹpútà ni pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ kó ṣí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá na ọfà sí ihò kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó-kó. Ọmọ ayò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní méjì-méjì. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí máósì. Ó ka ihò mẹ́rin tó tẹ̀lé e, ó tún wọn kà.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọwọ́ kan ni mo bù. Báwo ló ṣe di ọwọ́ méjì? Márùn-ún márùn-ún ló yẹ kó wà níbí. Mẹ́fà mẹ́fà ni mò ń rí.”

Ẹni tó kọ òfin náà tẹ̀ síwájú, ó ka ọpọ́n láti ihò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó jẹ́ 52.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. `await` ń dá ìgbìn dúró díẹ̀ láàárín ọmọ kan sí èkejì, kí ojú lè rí i bó ṣe ń bọ́. Ìgbìn yẹn nìkan ló dúró, géèmù yòókù ń lọ, máósì ṣì ń gbọ́. Nígbà tí Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, `gbin` kejì bẹ̀rẹ̀. Ó wo ihò náà, ó sì bá mẹ́rin nínú rẹ̀ síbẹ̀, torí ìlà tó ń sọ ihò di òfo wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọn kò tíì dé ibẹ̀. Mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí i láàárín ara wọn torí pé ẹni tó mọ bọ́tìnnì kì í tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kan náà tún ń fi àṣìṣe kejì pamọ́. Tí odù ọmọ 12 bá yí ká, ọmọ kejìlá á bọ́ sínú ihò tó ti jáde, ìlà yẹn á sì nù ún nù. Ọpọ́n á ku 47. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó jẹ́ kí ihò kan kún tó bẹ́ẹ̀ rí; àwọn tó mọ ayò dáadáa ló ń kọ́ odù. Ìdí tí a fi ní kí ẹ gbé ayò lọ bá àgbà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe tún un kọ nìyí:

```
func gbin(iho):
    if n_gbin or opon[iho] == 0:
        return
    n_gbin = true
    var owo = opon[iho]
    opon[iho] = 0
    var i = iho
    while owo > 0:
        i = (i + 1) % 12
        if i == iho:
            continue
        opon[i] += 1
        owo -= 1
        await get_tree().create_timer(0.25).timeout
    n_gbin = false
    ka_opon()
```

Ihò ń di òfo kí ọmọ kankan tó bọ́, bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń ṣe é gan-an. `n_gbin` ń ti ilẹ̀kùn mọ́ títẹ̀ kejì. `ka_opon` ń ro gbogbo ihò pọ̀ mọ́ ohun tí ẹni méjèèjì ti jẹ. Tí kò bá jẹ́ 48, yóò kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ní pupa. Wọ́n kọ́kọ́ fi `assert`, àṣẹ tó ń dá géèmù dúró tí ohun kan kò bá rí bó ṣe yẹ, ṣe é. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: Godot kì í ka `assert` mọ́ nínú géèmù tí ẹ bá ti dì fún ìta, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ ti nílò rẹ̀. `if` lásán pẹ̀lú `push_error` ló tọ́.

Kọ̀ǹpútà tó ń ronú

Ipele méjì ló wà: Òpè àti Ọ̀ta. Òpè ń wo ìgbìn kan péré síwájú. Ọ̀ta ń wò jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí mo bá gbin báyìí, kí ni yóò ṣe, kí ni èmi náà yóò ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ihò mẹ́fà ni ẹni kọ̀ọ̀kan lè yàn nínú rẹ̀, nítorí náà wíwo ìgbìn mẹ́jọ síwájú lè dé ọpọ́n 1,679,616. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mẹ́jọ, ojú ẹ̀rọ sì gan pa tí kò gbọ́ máósì mọ́. Márùn-ún kò ju 7,776 lọ, láptọ́ọ̀pù 4 GB sì gbé e láì dúró. Ọ̀ta tó ń wo márùn-ún ti tó láti na gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ márààrún.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ burú ju ìlọ́ra lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ronú, ọmọ ayò ń rìn lórí ọpọ́n gidi. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé òun ti ṣe ẹ̀dà: `var igbiyanju = opon`. Nínú GDScript, èdè kóòdù Godot, ìlà yìí kò ṣe ẹ̀dà Array (àkójọ iye inú ihò), orúkọ kejì ló fún un, bí ẹni tó ní orúkọ àbísọ àti oríkì. Ohun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sí èkejì. `opon.duplicate()` ni ẹ̀dà. `ka_opon` kò tètè mú èyí, torí ìgbìn nínú ìrònú kì í yí àpapọ̀ padà. Ìgbà tí ìrònú náà bá jẹ ihò kan ni iye kò ní pé 48 mọ́, torí iye tí wọ́n jẹ jẹ́ nọ́ńbà lásán, ìyẹn ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà pupa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ, ọjọ́ méjì sì lọ kí wọ́n tó rí orísun rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ Export, ohun tó ń di géèmù fún ìta, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú gbèdéke. Ọ̀rọ̀ pupa jáde pé kò sí export templates. Àwọn wọ̀nyí ni egungun tí Godot ń fi ẹran géèmù yín lé. Wọn kì í bá Godot wá, fáìlì `.tpz` kan ṣoṣo ni wọ́n, ó sì ń sún mọ́ 1 GB. Wọ́n ra dátà òru. Ní òru ọjọ́ Ajé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ní ìdajì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e wálẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lo irú èyí tó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já sí, ó sì wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé fáìlì yìí wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fláàṣì, kí àwọn yòókù lo Install from File nínú Manage Export Templates. Ẹ rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ bá ti Godot yín mu gẹ́lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, wọ́n gbé `.exe` lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Kò ṣí. Godot ń ṣe fáìlì méjì: `.exe` àti `.pck`, inú èkejì ni géèmù gan-an wà, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ nílé. Wọ́n fàmì sí Embed PCK kí méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n padà lọ ní ọ̀sán. Ní báyìí ó ṣí, ó sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹ̀rọ náà kò ní Vulkan tí géèmù ń béèrè.

Ibí yìí ni láptọ́ọ̀pù tó ń tẹ ìwé àlàyé ti wọ ọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí géèmù náà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ì bá bá pàdé. Wọ́n yí i sí Compatibility, Godot tún ara rẹ̀ ṣí, géèmù sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yí ihò tí ó kàn ká ti lọ. Compatibility inú 4.2 kò ní irú ìtànṣán náà. Ẹni tó ń ya àwòrán jókòó ní alẹ́ ọjọ́rú, ó ya òrùka àwọ̀ òféèfèé kan dípò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni, òrùka náà ni ì bá kọ́kọ́ yà.

Ọjọ́bọ̀ mú mẹ́ta mìíràn wá, gbogbo wọn jẹ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú Godot tí kò ṣiṣẹ́ nínú géèmù tí a ti dì.

Òfin ayò tó yẹ kó hàn fún ẹni tuntun kò hàn. Inú `ofin.txt` ni wọ́n kọ ọ́ sí. Godot kì í kó fáìlì `.txt` sínú páálí àfi tí ẹ bá kọ `*.txt` sínú àpótí tó wà fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Resources, níbi tí ẹ ti ń ṣètò Export. Èkejì, àkójọ ẹni tó borí kò wọ àkọsílẹ̀. `res://` ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí ẹ bá ń kọ géèmù, fódà lásán ni `res://`. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í, inú páálí tí a ti lẹ̀ pa ni, ẹ lè kà á, ẹ kò lè kọ sí i. `user://` ni ibi ìkọ̀wé.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù, torí ọ̀rọ̀ èdè wa ni. Lẹ́tà aláwòrán kéékèèké tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ẹ àti ọ nínú rárá. Lórí láptọ́ọ̀pù tiwọn, lẹ́tà mìíràn ti wá dí àlàfo náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lórí ẹ̀rọ yàrá kọ̀ǹpútà, “Ọ̀ta” jáde pẹ̀lú àpótí ṣófo níwájú. Wọ́n fi Noto Sans rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń yọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tún ń fi ihòhò ọ hàn kí àmì ohùn tó dé orí rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ka “Ọ̀” sí ohun méjì: ọ olójú-ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó di méjèèjì mú nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹni tó ń ṣe ọ̀rọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀: ó jẹ́ kí gbogbo gbólóhùn yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá kọ̀ǹpútà ta ayò, Òpè sí Òpè, láìsí ìdádúró láàárín ọmọ kan sí èkejì, ìgbà 1,000, kí `ka_opon` máa yẹ̀ ẹ́ wò. Pupa kankan kò yọ. Ṣùgbọ́n ní àárín rẹ̀, ayò kan kò parí: ọmọ díẹ̀ ló kù, wọ́n ń yí ọpọ́n ká, kò sí ẹni tó ń jẹ ẹnì kejì. Aago kan òru ti lù. Wọ́n fi òfin kan sí i: tí ìgbìn 100 bá kọjá láìsí ìjẹ, kálukú á kó ohun tó wà lápá tirẹ̀. Wọ́n tún 1,000 ṣe, gbogbo rẹ̀ parí.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi síìpù lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ṣí. Ó ka òfin, ó yan Òpè, ó sì tẹ ihò àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó-kó. Ọmọ mẹ́rin bọ́ sínú ihò mẹ́rin.

Nínú ìwé àlàyé, lábẹ́ ohun tó kù láti ṣe, nǹkan mẹ́ta ló wà. Ti fóònù Android, èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn torí ó tún ń béèrè OpenJDK 17 àti Android SDK, dátà sì ti tán. Ọ̀rọ̀ tó ń yọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti bàbá tó ka ọpọ́n. Wọ́n padà lọ fi iṣẹ́ tí wọ́n parí hàn án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì gba gbogbo rẹ̀ àfi òfin ìgbìn 100. Ó ní ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ fún ẹni méjì pé ayò ti tó, àwọn méjèèjì ló ń wo ojú ara wọn kí wọ́n tó pín in. Wọ́n ya bọ́tìnnì kan sínú ìwé, “Ẹ jẹ́ ká pín in”, tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Kò tíì sí nínú géèmù.